Ohun Tí Ismaheel Sọ àti Ohun Tí Mo Ní Ó Sọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Hadassah lorúkọ mi. Gwarinpa ni mò ń gbé pẹ̀lú Titus, ọkọ mi, àti Ìrètíolúwa, ọmọ wa obìnrin tó wà ní girama. Títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, ọ́fíìsì kan ní Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn olùrànwọ́ láti òkè òkun ló ń fún ọ́fíìsì wa lówó, àwa náà a sì máa fi owó yẹn tún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ṣe ní àwọn abúlé tó yí Abuja ká.

Ẹnu mi ni wọ́n torí rẹ̀ gbà mí síṣẹ́. Mo gbọ́ òyìnbó, mo gbọ́ Hausa, mo gbọ́ Yorùbá tó jẹ́ tèmi, mo sì gbọ́ Gbagyi díẹ̀díẹ̀. Bí àlejò bá ti òkè òkun dé, èmi ni mo máa ń dúró láàárín òun àti àwọn ará abúlé, tí màá máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dunjú, mo sì máa ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo ti yí orúkọ àwọn abúlé tọ́rọ̀ kàn padà. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Lékwàyí, ká pe èkejì ní Zúnàpé.

Abúlé kọ̀ọ̀kan ni a fún ní kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí lẹ́yìn, kí wọ́n lè máa fi gbé aboyún àti aláìsàn lọ sí ọsibítù ńlá. Ti Lékwàyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ti Zúnàpé ti kọṣẹ́ látọjọ́ pípẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, a kò rí i tún ṣe, adìyẹ ti ń yé sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwa sì ti sọ fún àwọn olùrànwọ́ pé méjèèjì ló ń sáré bí ẹṣin.

Lọ́jọ́ kan ni Dókítà Ọládùnjoyè, ọ̀gá wa, pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ní obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ aṣojú àwọn olùrànwọ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, Zúnàpé ló sì fẹ́ lọ wò. Ó ní bí ohun tó bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò máa bá wa ṣe é lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ká máa palẹ̀ ẹrù wa mọ́ ní Wuse. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́ pé ọ́fíìsì ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí gbogbo àwa tí à ń lọ sí abúlé, àti pé òun ti ní ẹnì kan lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

"Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn," ó ní, "o ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe é."

Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láàárín wa. Bí àlejò bá ń bọ̀ ní abúlé kan, a ó lọ kó bẹ́ẹ̀dì tó dára ní abúlé mìíràn, a ó kó àga, a ó kó páálí oògùn, kódà a ti yá nọ́ọ̀sì rí. Bí àlejò bá lọ tán, oníkálùkù á gba nǹkan rẹ̀ padà. Ìmúra àlejò là ń pè é. A kì í pè é ní irọ́. A máa ń sọ fún ara wa pé kò sí ilé tí wọn kì í gbálẹ̀ rẹ̀ kí àlejò tó wọlé, a ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo kọ́kọ́ yà ní Lékwàyí. Nọ́ọ̀sì Felicia, ọmọ Kàbbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ń mójú tó ilé ìwòsàn ibẹ̀. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́, pé ẹnìkan fẹ́ fi ṣe nǹkan ní Zúnàpé. Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

"Aunty," ó ní, "ìyàwó Ismaheel ti wọ oṣù rẹ̀ o. Ìgbàkígbà ni. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ ò sí ńlẹ̀ ńkọ́?"

Mo bi í bóyá oyún àkọ́kọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní oyún àkọ́kọ́ kì í kánjú, pé kí wọ́n tó kírun Àílà ọ̀sán, kẹ̀kẹ́ á ti padà dé. Nígbà tí mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò tíì lélẹ̀, mo rán an létí pé bí àwọn olùrànwọ́ bá lọ, owó oṣù tirẹ̀ náà á bá wọn lọ. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lára ìṣó, ó gbé e fún mi, awakọ̀ ọ́fíìsì wa sì wa kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Zúnàpé.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n sọ fún mi. Mi ò lè sọ láéláé pé mi ò mọ̀.

A fọ kẹ̀kẹ́ náà ní Zúnàpé, a so ríbọ́ǹnù pupa àti funfun mọ́ ọn níwájú, a wọ́ èyí tó kú lọ sẹ́yìn àká. Dókítà Ọládùnjoyè mú àlejò wa dé, àwọn obìnrin jó pàdé rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tó ti ń dàgbà. Ó jókòó sórí àpótí bí àwọn ìyá abúlé ṣe jókòó, ó mu kùnú tí wọ́n gbé fún un. Ẹ̀rín ló kún ojú rẹ̀. Inú mi ń dùn, mo ti ń fojú inú rí ara mi ní yàrá tuntun ní Wuse.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo wò ó, Felicia ni. Ní Lékwàyí, orí àpáta tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Mo mọ̀ pé ó ti gun àpáta yẹn kó tó lè pè mí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń dààmú rẹ̀. Mo pa á. Ó tún pè, mo tún pa á. Nígbà tó yá, mo ju fóònù náà sínú báàgì, mo sì ń bá ìtumọ̀ mi lọ.

Bí àlejò ṣe ń fọwọ́ pa kẹ̀kẹ́ lára, tó ń yìn wá, la gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ismaheel ló bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èédú ló ń rà ní abúlé tó ń kó wá tà ní ìgboro. Eruku ti bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, òdì ló sì wọ ẹ̀wù rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ gbé ọwọ́ lé bẹ́ẹ̀dì kẹ̀kẹ́ náà, ó bú sẹ́kún.

"Kẹ̀kẹ́ wa nìyí," ó ní. "Aunty, kẹ̀kẹ́ wa nìyí. Ìyàwó mi ń kú lọ. Àtàárọ̀ lẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára ẹ̀, ọmọ ò sì jáde. Nọ́ọ̀sì pè yín, pè yín, ẹ ò gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa gbé kẹ̀kẹ́ wa lọ."

Gbagyi àti Hausa ni wọ́n ń sọ ní Zúnàpé, wọn kò mọ ohun tó sọ. Èmi àti Dókítà Ọládùnjoyè nìkan la gbọ́ ọ. Dókítà tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Òyìnbó náà yíjú sí mi. Ó bi mí pé kí ló ń pa ọkùnrin yìí lẹ́kún.

Mo láyè láti sọ òótọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó mú mi lọ́rùn. Mo wo Dókítà, mo wo kámẹ́rà Anwar, ayàwòrán ọ́fíìsì wa, tó ń ya wá, mo wo ojú òyìnbó tó ń retí mi. Mo wá la ẹnu mi dídùn. Mo sọ ọ́ ní òyìnbó tó já gaara pé ẹkún ayọ̀ ló ń sun. Mo ní ó ní kẹ̀kẹ́ yìí ló gba ẹ̀mí ìyàwó òun là, pé bí òun ṣe gbọ́ pé àlejò wà níbí lòun sáré wá dúpẹ́.

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo abúlé bá a pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ Ismaheel mú, ó ń mi ọwọ́ náà tọkàntọkàn. Ismaheel ń wo ẹnu rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ó wá ní òun fẹ́ kí wọ́n ya òun àti ọkùnrin náà ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́.

Mo sọ fún Ismaheel ní Yorùbá pé kó dúró díẹ̀ síbẹ̀, pé bí wọ́n bá ti yà á tán, á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa lọ. Ó dúró. Anwar, ọmọ Kano tí kò gbọ́ Yorùbá, ní kó súnmọ́ òyìnbó, ó ní kó yí ojú sí oòrùn, ó ní kó gbé orí sókè. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Èmi ló ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ ríbọ́ǹnù, mo ṣẹ́jú sí awakọ̀, òun àti Ismaheel wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ. Mo parọ́ fún àlejò pé ó fẹ́ lọ gbé ìyàwó rẹ̀ wá kí i. Òyìnbó náà ń juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi pòórá sínú eruku.

Lọ́jọ́ kejì ni Felicia gbé ìpè mi. Ó ní wọ́n gbé obìnrin náà dé ọsibítù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yè. Ọmọ ò yè. Mo bi í pé ká ní kẹ̀kẹ́ wà nílẹ̀ ńkọ́, ká ní mo gbé ìpè àkọ́kọ́ ńkọ́.

"Aunty," ó ní, "ẹ má bi mí ní ìyẹn."

Ó pa fóònù rẹ̀.

Ẹ ó rò pé mo sáré lọ sí Lékwàyí. Mi ò lọ. Ẹrù oúnjẹ ni mo fi ránṣẹ́, mo ní kí wọ́n sọ pé ọ́fíìsì ló fi ṣe ìbánikẹ́dùn. Àwọn olùrànwọ́ fọwọ́ sí ètò wa tuntun, Dókítà ní èmi ni mo gba iṣẹ́ náà là, mo di olórí. Mo wọ yàrá tuntun yẹn. Mo ń sùn, mo ń jẹun, àmọ́ bí fóònù bá ti gbọ̀n lọ́wọ́ mi, màá ti gbé e kó tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì.

Inú Titus dùn sí oyè tuntun mi ju bí inú tèmi gan-an ti dùn lọ. Ó ní àfi ká dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kò pọndandan. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń dà mí láàmú.

Ìsìn Yorùbá là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Life Camp. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ náà, mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé, wọ́n pè wá síwájú. Pásítọ̀ ní kí a tó gbàdúrà, Arákùnrin Titus ní nǹkan kan tó fẹ́ fi ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Titus ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn èèyàn kò mọ ohun tí ìyàwó òun ń ṣe nínú igbó, òun sì fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ó ti lọ bá Anwar gba fídíò ọjọ́ Zúnàpé. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi orin bò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Odindi rẹ̀ ló gbà, pẹ̀lú ohùn gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè gbọ́ bí mo ṣe mọ ìtumọ̀ ṣe.

Àwòrán hàn gàdàgbà lára ògiri. Mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n pa á, ohùn mi kò jáde.

Ismaheel gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́ níwájú gbogbo ìjọ. "Kẹ̀kẹ́ wa nìyí. Ìyàwó mi ń kú lọ." Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátá ló jáde ketekete nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wàásù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn tèmi tẹ̀ lé e, dídùn, tútù, tó ń sọ fún òyìnbó pé ọkùnrin náà ń dúpẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tí kò gbọ́ èdè méjèèjì.

Lára ògiri, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò tètè mọ ibi tí yóò tẹ̀, àwòrán ń lọ, Anwar ń sọ fún Ismaheel pé kó gbé orí sókè.

Nígbà tí wọ́n rí i pa, Pásítọ̀ kò mọ àdúrà tí yóò gbà. Màmá Àìná, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò dìde, kò pariwo.

"Obìnrin yẹn ńkọ́, Hadassah? Ṣé ó yè?"

Mo ní ó yè, mà.

"Ọmọ inú rẹ̀ ńkọ́?"

Mo di eékún mú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú léèsì mi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Nínú mọ́tò, Ìrètíolúwa ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọmọ Abuja ni, Yorùbá kì í yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, èmi pàápàá a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò gbọ́ èdè.

"Mummy, but that's not what the man said."

Mo ní mo mọ̀. Ó ní ṣé òyìnbó yẹn wá mọ ohun tó sọ báyìí. Mo ní rárá. Titus sùn sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kì í ṣe pé òun kọ̀ mí, ohùn mi nínú fídíò yẹn lòun kò lè gbàgbé, pé bí mo ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀ nílé náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún Dókítà Ọládùnjoyè, mo ní mò ń lọ sí Lékwàyí, pé màá sì pe àwọn olùrànwọ́. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ará ṣọ́ọ̀ṣì kì í kọ̀wé sí òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò gbọ́, ó bi mí nípa àwọn abúlé yòókù. Ó ní ṣé tìtorí kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́ ni wọn yóò ṣe ti ilé ìwòsàn wọn pa. Ó ní bí mo bá lọ, kí n má padà sí ọ́fíìsì òun. Mo kó ìwọ̀nba ẹrù mi.

Mo bá Ismaheel lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ran àpò èédú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ gbóná. Ìyàwó rẹ̀ jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti òpó. Ọmọdébìnrin lásán ni. Kò kí mi.

"Aunty," Ismaheel ní, "nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín. Òyìnbó yẹn. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ń kú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ń pàtẹ́wọ́. Irú èèyàn wo nìyẹn? Mo ti ṣépè fún un ju bí mo ṣe ṣépè fún yín lọ."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò tíì mọ èyí tó burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Mo sọ fún un. Mo ní òyìnbó náà kò rẹ́rìn-ín sí ẹkún rẹ̀, pé èmi ni mo sọ fún un pé ó ń dúpẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Nítorí náà, kò gbọ́ mi."

Mo ní kò gbọ́ ọ.

"Ẹ pè é," ó ní.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ gun àpáta tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí. Ìyàwó rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ di ikùn mú níbi tí wọ́n ti là á. Mo pe òyìnbó náà, ó gbé e, inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ohùn mi. Mo ní ẹnìkan fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, èmi yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Ismaheel sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀, ìpè tí mi ò gbé, fọ́tò. Bó bá sọ díẹ̀, á dúró, èmi á sọ ọ́. Ẹnu mi wúwo. Mo sọ ohun tí mo ṣe pẹ̀lú, mo dárúkọ ara mi sí i.

Òyìnbó náà fi ohùn kékeré bi mí pé kí lorúkọ ìyá náà, kí lorúkọ ọmọ.

Mi ò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí Felicia ti kìlọ̀ fún mi, ìyàwó Ismaheel ni mò ń pè é lọ́kàn mi. Mo ní láti yíjú padà bi ìyá náà.

"Misturah," ó ní. Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ sọ fún un pé ọkùnrin lọmọ náà. Ẹ sọ fún un pé a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ ká tó sin ín."

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.